Ẹ Má Kun Ìyá Mi ní Dúdú

San Evaristo, lórí òkè
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìkórè kọfí

Marleny ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ọkọ rẹ ń jẹun, ṣé oyún ń mira nínú rẹ? Kí Wúńdíá Màríà má ṣe gbójú kúrò lára yín ní Medellín tí ẹ ń gbé yẹn, níbi tí wọ́n ti ń ra arepa, àkàrà àgbàdo wa, tó ti tutù nínú ọ̀rá. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Kọfí so dáadáa lọ́dún yìí, ìbaaka wa sì ta fadá tuntun nípàá, fadá ní òun ti dárí jì í, ṣùgbọ́n kò gba iwájú ilé wa kọjá mọ́.

Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé orí ilẹ̀ àwọn Piedrahita ni wọ́n ri òpó gogoro tó ń gbé ohùn fóònù mọ́. Gbogbo ohun tí mo bá sọ fún ọ, orí òrùlé Fabiola ìyàwó wọn ló máa kọ́kọ́ gbà kọjá, o sì mọ etí Fabiola. Àpò awakọ̀ bọ́ọ̀sì ló dára jù, torí awakọ̀ ò mọ̀wé kà.

O béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi nínú lẹ́tà rẹ, pé kí ló pa ìyá mi, Edelmira, torí àwọn dókítà ìlú yín fẹ́ mọ̀ kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Mo ń bọ̀ lórí rẹ̀, má kánjú. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn àwọn tó wá gbẹ̀jẹ̀ níbí fún ọ.

Sátidé tó kọjá ni wọ́n dé láti yunifásítì, wọ́n sọ̀kalẹ̀ sí ilé-ìwé, nítorí àrùn orí tí à ń pè ní bobera yìí, èyí tó máa ń mú èèyàn láti bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì, tí onítọ̀hún á jókòó sínú ilé rẹ̀ tí á máa béèrè ọ̀nà ilé. Nọ́ọ̀sì wọn ń jẹ́ Yamile, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, Ìyá ló ń pè mí. Ó fa ẹ̀jẹ̀ ìgò kékeré méjì lápá mi. Mo bi í pé níbo ló ń gbé e lọ, ó ní inú fíríjì ni, ní Medellín, kó má bàa bàjẹ́. Marleny, láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ mi ti ń tutù! Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ méjì lé ara wọn, kò gbọ́. Wọn ò lè ti ẹ̀jẹ̀ èèyàn mọ́ inú yìnyín kí ara onítọ̀hún máa móoru nílé. Jọ̀ọ́, bá mi dé ibẹ̀, kí o bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín òtútù náà kù, tàbí kí wọ́n gbé tèmi sún mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn.

Ó tún ka fọ́ọ̀mù kan sí mi létí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo lè yí ọkàn mi padà nígbàkígbà. Mo wá bi í pé tí mo bá yí i padà, ṣé bọ́ọ̀sì ni wọ́n máa fi gbé ẹ̀jẹ̀ náà padà wá, àti pé ta ni yóò dà á sí mi lára. Ó rẹ́rìn-ín títí bírò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Fabiola ni kò jẹ́ ká gbádùn. Láti ìgbà tí bobera ti pa Rubiel ọkọ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n sì gbé ọpọlọ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, obìnrin yìí ò fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́, ó ní ọkọ òun wà ní yunifásítì. Rubiel tí kò kọjá kíláàsì kejì! Mo sọ fún un níwájú ṣọ́ọ̀ṣì pé ó kú oríire o, pé inú ìgò ni ọpọlọ Rubiel ti wá rí iṣẹ́ ṣe. Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ló rẹ́rìn-ín. O mọ̀ pé láti kékeré ni mo ti ń pe àwọn Piedrahita ní ìdílé Agbàgbé.

Yamile wá ta ìwé kan tó fẹ̀ bí ẹní sára pátákó. Àpótí ni ọkùnrin, òbíríkítí ni obìnrin, ilà sì ń ti ara òbí sọ̀kalẹ̀ sára ọmọ, bí ọpọ́n gígùn tí à ń fi darí omi tá a fi ń fọ kọfí. Ẹni tí àrùn bá ti mú, wọ́n á fi pẹ́ńsù kun inú tirẹ̀ ní dúdú. Don Cosme ló wà lókè pátápátá, bàbá ńlá gbogbo wa, torí ọmọ ẹ̀gbọ́n ló ń fẹ́ ọmọ àbúrò níbí kí ilẹ̀ má bàa bọ́ sọ́wọ́ àlejò. Ẹ̀gbẹ́ àwọn Piedrahita dúdú bí ẹ̀wà tó jóná. Tiwa funfun láúláú. Mo dìde, mo ní kí gbogbo wọn wò ó dáadáa, mo ní nínú ìdílé tiwa, a ṣì rántí ẹni tó jí adìẹ wa ní ogún ọdún sẹ́yìn.

Yamile gbé ẹnu pẹ́ńsù lé òbíríkítí ìyá mi, ó rọra béèrè pé kí ló pa Màmá ní ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Mo ní ìbànújẹ́ ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. O mọ̀ pé ìbànújẹ́ ti pa èèyàn púpọ̀ níbí, òun là ń kéde lọ́jọ́ kẹsàn-án àdúrà òkú, kí àwọn tó ń bọ̀ wá fẹ́ ọmọbìnrin ilé náà má bàa yí padà lórí afárá. Ẹ̀yìn mi gan-an ni Fabiola jókòó sí. Mo ń retí kó lanu, kò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé adìẹ wa alámì tóótòòtóó lọ fún Yamile, mo kúnlẹ̀, mo ní ohun yòówù tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ, ẹ má kun ìyá mi ní dúdú. Torí mo ti wo ìwé yẹn dáadáa. Ilà kan ti ara ìyá mi bọ́ sára mi, òmíràn ti ara mi bọ́ sára rẹ, wọ́n sì ti fa kékeré kan sábẹ́ rẹ de ọmọ inú rẹ. Tí wọ́n bá da dúdú sókè, ibo ló tún máa ṣàn gbà? Yamile kò gba adìẹ. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, Ìyá, kì í ṣe pẹ́ńsù ló ń gbé e sọ̀kalẹ̀, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bíni, tàbí kó má sí níbẹ̀. Ó ní tó bá wà lára òbí, ọmọ lè gbà á, ọmọ sì lè má gbà á, ìdajì sí ìdajì. Ó ní tí ìwé bá parọ́, àwọn tó ń tọ́jú Marleny ò ní mọ ohun tí wọ́n máa wá.

Inú bí mi, mo gbé adìẹ mi, ó di ilé. Ẹnu ọ̀nà Fabiola ni mo gbà, kò sọ́nà míràn. Ó ní ṣé mo rò pé òun ti gbàgbé pé òun lòun ń gbé ẹ̀wà gba ojú fèrèsé fún ìyá mi nígbà tí mò ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Ó ní ojú rẹ lòun wò tí òun fi dákẹ́, òun ò wo tèmi. Ó ní kí n máa fi Rubiel ṣe yẹ̀yẹ́ lọ, pé Rubiel fi ọpọlọ tirẹ̀ sọ òótọ́ lẹ́yìn ikú, èmi tí tèmi ṣì wà lágbárí, irọ́ ni mò ń fi í pa. Mo fi adìẹ bojú, mo sáré kọjá. Èmi Otilia!

Marleny, kò sí ìbànújẹ́ kankan. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni ìyá mi nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Màmá. Ó ń da iyọ̀ sínú ṣokoléètì, ó ń wọ bàtà ìgbéyàwó rẹ̀ lọ sóko. Nígbà tó yá, ó ń sá jáde láti lọ wá ilé tó ti jáde. Ojú ń tì mí, mo sì tì í mọ́ yàrá tá a ń kó kọfí sí, títí ó fi kú. Ìwọ náà gbọ́ ọ. O máa ń bi mí pé kí ló ń kan ilẹ̀kùn, mo ní eku ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí báyìí. Lọ́jọ́ Ajé mo bu iyọ̀ sẹ́wà lẹ́ẹ̀mejì. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ ló gbà mí lọ́kàn. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi.

Lánàá, kí wọ́n tó lọ, mo padà síbẹ̀. Mo gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ Yamile, èmi fúnra mi ni mo kun ìyá mi, mo rọra ṣe é kó má bàa kọjá etí ilà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, Fabiola ló bá mi di etí ìwé mú. Ó ní mo ti kùn ún jù.

Mi ò tíì kọ lẹ́tà sí ọ kí n má tọrọ nǹkan, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lónìí. Fi owó ọṣẹ ránṣẹ́, àti ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ jù ni pé kí o lọ fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ rẹ. Yamile ní ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ èsì, wọn ò ní fi ipá sọ fún un. Tí wọ́n bá ń gbé tìrẹ sínú fíríjì, sọ fún wọn kí wọ́n gbé e ti tèmi, kí ìgò méjèèjì fara kan ara wọn, bóyá a ó lè mú ara wa móoru.

Wúńdíá á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Kò ní jẹ́ kí orúkọ rẹ bọ́ lẹ́nu mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Otilia