Kọ̀ǹpútà Mi Kọ̀, Kò Tàn

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá, 2025

Mo ti tò ó tán. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo tẹ bọ́tìnnì. Fáànù yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dúró. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Bákan náà. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri.

Ọ̀gá Badmus ló fi lé mi lọ́wọ́ — gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ nínú páálí, tuntun. Ó fi bírò kọ orúkọ mi, FÚNMINÍYÌ, sára rẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe fún ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba fíríìdọ́ọ̀mù nìyẹn: gbé e lọ sílé, dá tò ó, má bi ẹnikẹ́ni, gbé e padà wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Ìkàrẹ́, kó tàn lójú gbogbo wa. Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún. Èmi ni mo dàgbà jù nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógójì. Èmi nìkan sì ni obìnrin.

Mo fẹ́ sún un sẹ́yìn lórí tábìlì, iná ara irin rẹ̀ bá jẹ mí lọ́wọ́. Díẹ̀ ni — bí ìjàlọ. Mo fò sẹ́yìn, mo fi ẹ̀yìn lu ògiri.

Mo ti sọ ọ́ lórúkọ. Alágídí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Mo yọ ráàmù, pátákó ìrántí rẹ̀, mo fi rọ́bà ìparẹ́ Náómì ọmọ mi nu eyín rẹ̀, mo tì í padà títí ó fi dún kọ́. Kò tàn. Mo yọ bátìrì kékeré inú rẹ̀, mo kà dé igba, mo dá a padà. Kò tàn.

Ó ṣì ń jẹ mí lọ́wọ́. Bàtà òjò ni mo wọ̀ ṣiṣẹ́. Màmá, ìyá ọkọ mi, wo ẹsẹ̀ mi.

Ọjọ́rú, 8

Ẹ̀rù. Mi ò fọwọ́ kàn án lónìí.

Ọjọ́bọ̀, 9

Kí n kọ ọ́ síbí, torí mi ò lè sọ ọ́ fún èèyàn. Iná ló pa Gódì. Oníná ni Godwin ọkọ mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta — ní ìlú Afin, nínú ilé oníbàárà kan. Matthew tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló gbé e wálé. Níbi ìsìnkú gan-an ni mo ti gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn mi: Godwin máa ń kánjú jù, ibi tí ẹlòmíì bá ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, òun á ti kọjá. Mo ṣépè fún un nínú mi. Mi ò yíjú wo ẹni tó jẹ́.

Òun náà ló fa waya ilé tí a ń gbé ní Ìwàrò yìí.

Odindi ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀, mi ò lè fọwọ́ tan iná. Náómì ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà. Ojú ara mi ló tì mí tí mo fi lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo ní n ò ní fi ìbẹ̀rù yìí tọ́ ọmọ.

Mo lọ sí Ìkàrẹ́ lónìí. Mo fọgbọ́n bi Ọ̀gá bóyá kọ̀ǹpútà a máa jẹni lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Náómì, kí ló wà tí kì í jẹni ní Nàìjíríà? Ìbẹ̀rù obìnrin nìyẹn." Hafeez àtàwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù bá a rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nínú mọ́tò, láti Ìkàrẹ́ títí a fi kọjá Akùngbá, mo há ọwọ́ mi sáàárín itan.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Náómì fọwọ́ kàn án.

Ilé ìdáná ni mo wà. Mo gbọ́ igbe. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ ni, ilẹ̀ ṣì tutù, kò sì wọ bàtà. Nígbà tí mo fi dé ibẹ̀, ó ti jókòó sílẹ̀, ó di ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Kò bó, kò wú. Ṣùgbọ́n ó ń wò mí bí ẹni tí mo tàn jẹ.

Màmá jáde. Wọn ò pariwo. Ó ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n ní, "Ìyá Náómì, iná ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Gbé nǹkan yìí kúrò nílé yìí."

Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dì í. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi báyìí.

Sátidé, 11

Náómì jẹun, ó ṣeré. Ojú mi ò kúrò lára ìka rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 12

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo pe Matthew. Láti ọjọ́ ìsìnkú, mi ò pè é rí. Ọ̀gá ní kí n má bi ẹnikẹ́ni nípa Alágídí — kì í ṣe Alágídí ni mo bi í. Ilé ni.

Ó dé pẹ̀lú gílóòbù kan tó so waya méjì mọ́. Ó fi bọ ihò méjì ìsàlẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì: ó tàn. Ó yọ ẹsẹ̀ kan, ó fi sí ihò kẹta, tòkè: kò tàn. Ó yí gbogbo yàrá ká. Kò sí ihò kẹta kankan tó tàn.

Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ihò kẹta yẹn ni waya tó wọnú ilẹ̀ lọ. Iná tó bá ṣìnà sára irin, òun ló ń gbé e lọ sínú ilẹ̀. Tí kò bá sí, ara irin ló máa dúró sí, títí ẹnìkan á fi fọwọ́ kàn án.

Mo ní ṣé Godwin ò ṣe é ni? Ó ní òun ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fa waya ilé yìí. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ, Gódì?

Ọjọ́ Ajé, 13

Matthew ní ká gbẹ́lẹ̀ lọ́la, ká wò ó bóyá Godwin ri irin waya ilẹ̀ mọ́lẹ̀ lóòótọ́. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i pé kó má wá. Bí a bá gbẹ́ ẹ tí a ò bá nǹkan kan ńkọ́? Kí ni n ó sọ fún Màmá? Kí ni n ó sọ fún Náómì nípa bàbá rẹ̀?

Lẹ́yìn náà, mo rí ọmọ náà tó ń fi igun aṣọ rẹ̀ di ọwọ́ ilẹ̀kùn irin kó tó ṣí i. Mo tún pe Matthew. Mo ní kó máa bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

A gbẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ilé, lábẹ́ fèrèsé pálọ̀. Màmá fúnra wọn ló gbé ọkọ́ wá.

Kò tíì jìn dé orúnkún tí ọkọ́ fi ta lu irin. Irin bàbà gígùn, ó dúró ṣánṣán. Waya rẹ̀ dì mọ́ ọn lórí — Gódì wé téèpù dúdú mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, ó tún fi ọ̀rá dì í. Ẹni tó ń kánjú kì í fi ọ̀rá di nǹkan tó máa rì mọ́lẹ̀.

A tọ waya náà lọ síhà ilé. Ó dé etí kòtò omi ìdọ̀tí tí mo ní kí wọ́n gbẹ́ ní oṣù kejì ọdún yìí. Ibẹ̀ ló ti já. Ojú ọkọ́ ló gé e, ẹni tó gé e sì bò ó mọ́lẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́jọ. Oṣù mẹ́jọ la ti ń gbé inú ilé bẹ́ẹ̀, èmi ni mo sì pe àwọn tó gbẹ́ kòtò náà.

Màmá jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀, wọ́n di etí waya náà mú. Wọ́n ní, "Ó ṣe é. Ọmọ mi ṣe é." Matthew yíjú sí ẹ̀gbẹ́ ògiri fúngbà díẹ̀.

Ọjọ́rú, 15

Matthew ti so ó. Ihò kẹta tàn, gbogbo yàrá. Màmá ní kí n gbé Alágídí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Kò jẹ mí. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Mo jẹ́ kí ọwọ́ mi dúró síbẹ̀.

Mo tẹ bọ́tìnnì. Fáànù yí lẹ́ẹ̀kan, ó dúró.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Àṣé ọ̀tọ̀ ni ìjẹnilọ́wọ́, ọ̀tọ̀ ni àìtàn. Ṣùgbọ́n mo ti lè ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ báyìí láìfi bàtà òjò ṣe é. Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Mo gbé mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó ńlá inú rẹ̀, jáde kúrò nínú kéésì onírin, mo tẹ́ ẹ sórí páálí rẹ̀, mo fi ráàmù kan péré sí i, mo tan án. Fáànù yí. Ó ń yí. Kò dúró.

Kéésì ni nígbà náà. Mo ka àwọn ẹsẹ̀ bàbà kéékèèké tí mo dè sínú rẹ̀ kí bọ́ọ̀dù lè jókòó lé wọn: mẹ́wàá. Ihò bọ́ọ̀dù: mẹ́sàn-án. Ẹsẹ̀ kan ṣẹ́kù tí kò ní ihò, ó ń gún bọ́ọ̀dù níkùn, iná bọ́ọ̀dù sì ń gbà á ṣìnà. Èmi ni mo dè é síbẹ̀. Mo yọ ọ́, mo tún gbogbo rẹ̀ tò.

Ó tàn.

Sátidé, 18

Ó tàn ní Ìkàrẹ́ pẹ̀lú. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá bi mí lóhun tó ṣe é, mo sọ méjèèjì fún un. Ti ẹsẹ̀ bàbà, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ti waya inú ilẹ̀, ó ní, "Ẹ tún ti dé," àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Mo yọ gílóòbù Matthew nínú báàgì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà." Mo fi bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ihò méjì: ó tàn. Ihò kẹta: kò tàn. Mo lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kejì. Ẹ̀kẹta. Méje ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo máa fi dé ẹ̀kẹrin, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Hafeez ti gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlá ni Ọ̀gá ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ pa iná. Ó ní kí n pe oníná mi. Lẹ́yìn náà ó jáde sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí Limota, ìyàwó rẹ̀, ti ń ta omi tútù nínú fíríìjì onírin, ìyẹn tí wọ́n fa iná rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Ó bi í bóyá fíríìjì náà máa ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́.

Limota ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé.

Ọ̀gá ní kí ló dé tí kò sọ?

Limota kọ́kọ́ wojú mi, kó tó dá a lóhùn. Ó ní òun mọ̀ pé wọ́n á fi òun rẹ́rìn-ín ni.