Itan Adìẹ Tí O Jẹ Lọ́dún Àjíǹde

Odode, Ìdànrè.
Ọjọ́ Ajé.

Tolúwalàṣẹ ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà l'Ékòó níbẹ̀? Ṣé ara Felix àfẹ́sọ́nà rẹ le? Bí ẹ bá wà dáadáa, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Àwa náà ń mí, ìyá rẹ ń sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, òjò sì ń rọ̀ sórí kòkó. Má bínú pé ọwọ́ òsì ni mo fi kọ̀wé sí ọ, kì í ṣe àfojúdi, ọ̀tún ló ṣì wà ní gbígbé kọ́rùn.

O rántí pé nígbà tí mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lóṣù Kìíní, níbi tí mo ti ń fi han àwọn àlejò bí a ṣe ń sáré sọ̀ kalẹ̀ nígbà èwe wa, Dókítà Olúwayọmí ní Àkúrẹ́ la apá mi, ó fi irin pẹlẹbẹ kan àti súkúrù mẹ́fà de eegun tó kán. Ọmọdé ni dókítà náà, kò bèèrè adìẹ lọ́wọ́ wa. Èmi fúnra mi ni mo ní kí Bàbá Ọ̀ṣúndé tó ń to eegun ládùúgbò wa ṣẹ́ adìẹ kan lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó dì í, kí àwa méjèèjì lè jọ máa sàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é láti ayé baba wa: ọjọ́ tí adìẹ bá rìn, eegun aláìsàn ti so pọ̀ nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún ya fọ́tò eegun mi, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n dé fìlà. Orí mi ò sí nínú rẹ̀, síbẹ̀ mo gbé e kọ́ pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wa. Dókítà ní eegun náà kò so, àlàfo ṣì wà láàárín rẹ̀, súkúrù méjì sì ti ń yọ. Ó bi mí bóyá mo ń fa sìgá. Mo ní rárá o, àfi lẹ́yìn oúnjẹ, àti ṣáájú oúnjẹ. Ó bi mí bóyá mo fi apá náà gbé nǹkan. Mo ní àpò kòkó nìkan ni. Ṣebí òun ni irin wà nínú rẹ̀, ta ló máa ní ọwọ́ onírin tí á tún máa fi ọwọ́ ẹlẹ́ran lásán ṣiṣẹ́? Dókítà dorí kodò. Ó ní irin kàn ń di eegun mú ni, eegun ló ń so ara rẹ̀, pé sìgá àti kòkó yẹn ni kò jẹ́ kó so.

Kì í ṣe sìgá, kì í ṣe kòkó. Tolúwalàṣẹ, ìwọ lo jẹ adìẹ yẹn.

Ọbẹ̀ tí ìyá rẹ sè fún ọ lọ́dún Àjíǹde, òun ni. Mo bi ìyá rẹ pé kí ló dé tó jẹ́ adìẹ yẹn ló mú nínú adìẹ mẹ́sàn-án, ó ní èyí nìkan ni kò lè sáré. Itan tí wọ́n dì gan-an lo mú, o rún eegun rẹ̀ wómúwómú níṣojú mi, èmi ò mọ̀ pé apá mi lò ń rún. Ibi tí adìẹ dúró sí ni eegun mi náà dúró sí.

Mo ṣàlàyé èyí fún dókítà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ jígí ojú. Ó ní adìẹ yẹn gbọ́ràn jù mí lọ, torí nígbà tó wà láyé, abẹ́ agbọ̀n ló jókòó sí, kò ru kòkó, kò fa sìgá. Ìyá rẹ pàtẹ́wọ́. Ó ti gbé agbọ̀n ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi báyìí, ó ní bí òun bá tún rí sìgá lẹ́nu mi, òun á dé e lé mi lórí.

Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, dókítà fẹ́ tún apá náà là, kó pààrọ̀ irin, kó bu eegun díẹ̀ ní ìbàdí mi fi dí àlàfo náà. Mo bi í bóyá apá ọ̀hún ò ní máa fẹ́ jókòó. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi, mo fẹ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá ni ìgbéyàwó rẹ, mi ò lè fi ọwọ́ òsì fa ọmọ mi lé ọkọ lọ́wọ́ níwájú àlùfáà. Mo ti gbà. Mo ti ju sìgá sí ṣalángá.

Nítorí náà, fi owó adìẹ mìíràn ránṣẹ́, àti owó ọkọ̀ Àkúrẹ́ ti ẹni mẹ́ta: èmi, ìyá rẹ, àti adìẹ. Má fi adìẹ inú fíríjì ránṣẹ́ bíi tọjọ́sí o. Èyí tí kò lórí tí kò lẹ́sẹ̀, ìgbà wo la máa mọ̀ pé ó rìn? A ti fún adìẹ tuntun náà lórúkọ sílẹ̀. Tolúwalàṣẹ ni a ó máa pè é, ká wo ẹni tí á pa á.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, ilé ọkọ á sàn ọ́. Ọwọ́ òsì ni mo gbé sókè ṣe àdúrà yìí, Ọlọ́run mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀tún ń bọ̀ lóṣù Kejìlá.

Bàbá rẹ,
Ajíbádé.