Wọ́n Mú Mi Lórúkọ Táyé

Màmá mi àtàtà,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Kí Ọlọ́hun túbọ̀ máa kẹ́ yín. Láti ìjẹta ni ara mi ò ti balẹ̀. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Ta ni n bá sọ ọ́ fún, bí kò ṣe ẹ̀yin?

Ẹ rántí òwú dúdú tí ẹ máa ń so mọ́ mi lọ́wọ́ kí àwọn ará ilé má baà máa pè mí ní Táyé? Ẹ̀yin nìkan ni ẹ kì í wo òwú kí ẹ tó mọ̀ mí. Tí Táyé bá sì fọ́ ìkòkò aládùúgbò, èmi lẹ ń pè. Ẹ ní èmi Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, èmi ni mo rán an ṣíwájú wá sáyé, kí n wá ṣàlàyé. Inú máa ń bí mi gan-an, Màmá. Àmọ́ mo máa ń dáhùn.

Táyé fi ọ̀kadà gbá obìnrin kan lọ́nà Èrúwà. Ẹsẹ̀ obìnrin náà kán, àmọ́ ó ti ń rìn báyìí. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, wọ́n fún Táyé ní béèlì, wọ́n dá ọjọ́ fún un. Ọjọ́ náà ni òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ọmọ yín gbé ọkọ́, ó lọ gbin ẹ̀gẹ́! Ta ní í ṣe bẹ́ẹ̀? Adájọ́ bá fọwọ́ sí ìwé pé kí ọlọ́pàá lọ mú un wá.

Mò ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ láàárọ̀ ìjẹta nígbà tí ọlọ́pàá méjì wọlé.

"Ìwọ ni Táyé, àbí?"

Wọ́n fi ìwé náà hàn mí: orúkọ Táyé, ẹ̀sùn rẹ̀, ọwọ́ adájọ́ nísàlẹ̀. N ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo wọ bàtà, mo tẹ̀ lé wọn. Ṣebí bí ẹ ṣe kọ́ mi nìyẹn?

Ẹni tó ròyìn fún Màmá Bàṣírù, àbúrò yín, sọ pé Táyé ni wọ́n mú. Ó gbé oúnjẹ dé tésàn, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó figbe ta.

"Yéè! Kẹ́hìndé mà nìyí! Kí ni tìẹ ńbí?"

Ọ̀gá tésàn bínú débi pé ó dìde dúró. "Ṣé aṣọ ni ẹ̀sùn, tí o fi lè bá àbúrò ẹ wọ̀ ọ́? Tá a bá ká èèyàn mọ́ ibi tó ti ń dá ọ̀ràn, tàbí tá a ní ìdí gidi láti fura sí i, a lè mú un láìsí ìwé. Ìwọ, kí lo ṣe? Òfin ò gbà ká mú ẹnì kan dípò ẹlòmíì, ì báà jẹ́ ìbejì ẹ̀. Ìwé yìí ò sì tíì parí iṣẹ́. Títí a ó fi mú Táyé, tàbí tí kóòtù ó fi fagi lé e, ọjọ́ kọ́jọ́ la lè wá, títí kan ọjọ́ Sọ́ńdè."

Ó ní ọpẹ́lọpẹ́ Màmá Bàṣírù lára mi, irọ́ tí mo fẹ́ fi bo ọ̀rọ̀ náà tó ẹ̀sùn lọ́tọ̀. Ó ní kí n máa lọ sílé, ó sì gbà mí níyànjú pé kí Táyé fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá adájọ́.

Abà tó wà lọ́nà Ìdèrè ni Táyé sá sí. Nígbà tí mo débẹ̀ lánàá, ìró ọ̀kadà mi lásán ló lé e wọ inú ẹ̀gẹ́. Ó kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín pé wọ́n mú mi lórúkọ òun. Ìgbà tí mo sọ pé wọ́n tì mí mọ́ ẹ̀yìn káńtà ní tésàn nítorí tirẹ̀ ló bú sẹ́kún. A jọ wálé ni.

Bí adájọ́ bá tì í mọ́lé ńkọ́? Ṣé kí n ti fi í sílẹ̀ nínú oko? Màmá, ẹ̀rù ń bà mí.

Lọ́la, a ń lọ sí kóòtù. Òun ni yóò kọ́kọ́ wọlé, èmi ó dúró sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe wá bá yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bí wa, igbe rẹ̀ ni mo gbọ́ tí mo fi mọ̀ pé ayé dára. Lọ́la, mi ò fẹ́ gbọ́ igbe kankan.

Èmi ni, ọmọ yín olówùú dúdú, tí àárò yín ń sọ gidigidi.