Ìlà Méje Tí Mo Tú

Mọ́mì mi àtàtà,

Kroṣé ni kí èèyàn fi abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, máa fa òwú gba inú òwú títí yóò fi di aṣọ. Ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ṣùgbọ́n dókítà ojú ni mí, ó ti mọ́ mi lára láti wo nǹkan fínnífínní, kí n sì ṣàlàyé rẹ̀, kí n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbàgbé.

Aṣọ ìbora tí ẹ ń hun fún ọmọ inú mi, èyí tí ẹ fi sílẹ̀ lórí àga yín ní Ìkòsì kí ẹ tó papòdà, ni mo gbé dání lọ lo ìsinmi ní Àgbádárìgì. Mo fẹ́ parí rẹ̀ kí n tó bímọ. Kí n tó kúrò nílé ni mo rí i pé gbogbo ojú òwú náà dà sí ẹ̀gbẹ́ òdì. Mo rò pé àìsàn ló ti gba agbára ọwọ́ yín. Mo tú ìlà méje, kí n lè tún un ṣe.

Ní fàráńdà ilé àlejò, Aunty kan tí n kò mọ̀ rí wá jókòó tì mí pẹ̀lú kroṣé tirẹ̀. Mo sọ fún un pé dókítà ni mí, àti pé mo ti tú ìlà méje tí kò tọ́. Ó gba aṣọ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rín pa á.

“Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi hun èyí o, bíi tèmi. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Háà, Dókítà! Ẹ ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹni tí ara rẹ̀ le!”

Ó wá rí omi lójú mi.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ n bá yín gbìyànjú ẹ̀.”

Ó hun ìlà kan. Ọwọ́ òsì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fa òwú le ju tiyín lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló tú u, tó dá a padà fún mi.

Mọ́mì, ọ̀tún lẹ fi ń jẹun. Ọ̀tún lẹ fi ń gba ṣéńjì ní ọjà Mile 12. Bí mo bá sì ti ṣílẹ̀kùn yàrá yín, òwú ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ta ló nà yín tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ fi ń fi ọwọ́ yín pamọ́ fún ọmọ tí ẹ bí? Kí ló dé tí n kò béèrè?

Mo lè rán ojú tó ya. N kò lè dá ìlà méje yín padà. Aṣọ náà kò ní bo ọmọ kọjá ìbàdí, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe fi wé e.

Mo kọ ìwé kékeré kan, mo fi píìnì há a mọ́ aṣọ náà lára, fún ẹni tó bá bá a lẹ́yìn mi: Kí ẹ tó tú iṣẹ́ ẹlòmíràn, ẹ gbé e síwájú dígí. Bí ó bá tọ́ nínú dígí, ọwọ́ òsì ló ṣe é. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ọmọ yín, tó fẹ́ràn ọwọ́ yín méjèèjì.