Ọba méjì tí mo jù nù

Sátidé, Adabraka

Ìdíje póka náà ò tíì gbóná tí káàdì ọba méjì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju gbogbo káàdì lọ, fi bọ́ sí mi lọ́wọ́. Gbénga, tá a jọ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ti gbogbo ọmọ ayò tó fi ń ta tẹ́tẹ́ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Tí mo bá tẹ̀ lé e tí mo pàdánù, èmi ni màá kọ́kọ́ lọ sílé.

Ó fi Yorùbá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sá fún mi o. Mi ò fẹ́ pa yín."

Mo ju tèmi nù. Ó ṣí tirẹ̀: eéjì àti eéje, ìdọ̀tí lásán!

Ó fi mí ṣẹ̀sín pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìgboyà!"

Kofi tó ń pín káàdì pè wá ní Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá ní Adabraka níbí, ó ní: "Ẹ̀yin Alata, ẹ lè ta ara yín bí ata!"

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ṣé mi ò mọ̀ pé òpùrọ́ ni Gbénga ni? Ẹ̀rù ti bà mí kó tó lanu. Ó kàn bá mi wá àwáwí ni.