Làálì Ọwọ́ Ọmọ Mi

Ẹ kú iṣẹ́ ètò orí rédíò yín, Ànti Hanadi. Ẹ má dárúkọ mi o. Irbid, ìlú wa ní Jọ́dánì níbí, ò tóbi.

Ọmọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni èmi àti ọkọ mi. Àbíkẹ́yìn wa ti pé ọmọ ọdún méjì, kò tíì lè jókòó. Bí òtútù bá mú un, ìka rẹ̀ á wú. Dókítà ní ohun tó yẹ kó gbèjà ara rẹ̀ ló ń bá ara náà jà, pé inú ìdílé wa ló ti jogún ẹ̀. Ibà la sọ fáráyé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àbúrò mi obìnrin wá tọrọ àkọ́bí mi obìnrin fún ọmọkùnrin rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti fi làálì bo ìka àbíkẹ́yìn wa tó wú. Ó sọ sí mi létí pé, "Pa ẹnu ẹ mọ́!" Àbúrò mi gbé ọwọ́ ọmọ náà sókè: "Haà, ìyàwó kékeré!"

Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún un pé àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí lè jogún àìsàn náà? Àbúrò mi kì í fi ètò yín ṣeré. Bó bá ti gbọ́ làálì, á mọ̀ pé èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra ka lẹ́tà yìí, kó lè yé e.