Ìyá Rọra-Bọ́ọ, Alágbàfọ̀ Tó Kọ́ Àwọn Dókítà Ní Aṣọ Bíbọ́

Ọdún 1961 ni a bí Màmá wa, nínú yàrá kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Aránṣọ ni ìyá wọn, bàbá wọn a sì máa ṣọ́ ojú irin. Ìwé mẹ́fà péré ni wọ́n kà kí bàbá wọn tó papòdà.

Ní 1980, wọ́n di alágbàfọ̀ ní ilé ìwòsàn. Awakọ̀ tó ń gbé aláìsàn níbẹ̀ rí wọn, kò lè mójú kúrò. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1982. Àwa mẹ́ta ni wọ́n bí. Àrẹ̀mọ ni Màmá ń pe àkọ́bí, iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ yẹn náà ni wọ́n sì fi rán an níléèwé títí ó fi di dókítà. Nínú ìjọ, Màmá ló ń tọ́jú aṣọ akọrin; ẹni tó bá da tíì sí tirẹ̀ mọ̀ pé òun wọ gàù.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé ní 2020, àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn ní kí Màmá máa dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, kí wọ́n máa ṣọ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń bọ́ aṣọ ìdáàbòbò. Ogójì ọdún ni wọ́n ti fi ń ká aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ kí ibi tó dọ̀tí lè wà nínú. Ta ló tún mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ? Ìbọ̀wọ́ ṣáájú, aṣọ tẹ̀lé e, ìbomú kẹ́yìn, kí a sì máa fọwọ́ láàárín wọn. "Ẹ rọra bọ́ ọ," ni wọ́n ń wí ṣáá. Bí wọ́n ṣe gba orúkọ nìyẹn.

Ojú ń tì wá láti kọ èyí tó kàn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àrẹ̀mọ, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù náà, ń kánjú, ó fẹ́ fi ìbọ̀wọ́ tó dọ̀tí fa ìbomú. Màmá pariwo: "Àrẹ̀mọ! Ọwọ́ ẹ!"

Àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan bi í pé, "Ṣé ìyá yín nìyí?"

"Rárá o. Ará àdúgbò wa ni."

Màmá gbọ́. Wọ́n nawọ́ sí ibi ìfọwọ́. "Dókítà, ẹ fọ ọwọ́ yín."

Láti ọjọ́ náà, Àrẹ̀mọ tán lẹ́nu wọn. Nílé, nídìí oúnjẹ, Dókítà ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó gbé àrùn láti wọ́ọ̀dù yẹn lọ sílé. Àrẹ̀mọ náà kò gbé e. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀bẹ̀ fi ń dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, tó ń gbé e mì. Màmá kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n kú ni Àrẹ̀mọ tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wa, ó sì ní ká kọ ọ́ síbí.

Oṣù tó kọjá ni àìsàn ọkàn dá Màmá dùbúlẹ̀. Àrẹ̀mọ wọlé, ó fọ ọwọ́ dáadáa lójú wọn, ó jókòó. Wọ́n wo ọwọ́ náà títí. "Ẹ ṣeun, Dókítà," ni wọ́n wí, wọ́n sì sùn lọ. Wọn ò jí mọ́.

Bàbá wa ti ṣáájú wọn lọ. Ọmọ-ọmọ márùn-ún àti ọmọ mẹ́ta ló gbẹ̀yìn wọn: olùkọ́, aránṣọ, àti àkọ́bí, tó ní ká má kọ dókítà sí òun lára lónìí. Ọmọ alágbàfọ̀ ni ká kọ.

Sùn re, Màmá. Àrẹ̀mọ yín ló ń bẹ̀ yín.